Ìtọ́jú dátábéèsì PostgreSQL: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti ìdáhùn mi

Èmi ni mò ń bójú tó dátábéèsì ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan nílùú Ìbàdàn: ìwé ìdáwó, ìwé ẹ̀yáwó, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ti àwọn onígbọ̀wọ́ wọn. PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátábéèsì, la fi ń ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí kì í yéé bi mí léèrè lórí WhatsApp, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì sábà ń bi mí, ni mo bá kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Ẹni tó ń lo irú ètò mìíràn bíi MySQL tàbí Oracle á rí ohun tó máa mú níbẹ̀, àmọ́ orúkọ àṣẹ àti ti fáìlì tí mo dá, ti PostgreSQL ni.

Kí ni alábòójútó dátábéèsì ń ṣe gan-an láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, á dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá kan tiẹ̀ bi mí rí pé kí ni mò ń jókòó tì. Láràárọ̀, kí n tó mu tíì, mo máa ń wò ó bóyá ẹ̀dà ìpamọ́ (backup) òru mọ́jú wọlé, àti bó ṣe tóbi tó sí ti àná. Mo máa ń wo iye àyè tó kù lórí dísíìkì. Mo máa ń wo ẹni tó so mọ́ dátábéèsì láti àná tí kò tíì kúrò. Mo tún máa ń ka fáìlì log, ibi tí PostgreSQL ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, pàápàá àwọn ìlà tí ERROR àti FATAL wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹni tí kò bá lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn sílẹ̀ láàárọ̀ á fi gbogbo òru wá a lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ńkọ́? Ṣé pg_dump nìkan tó?

pg_dump ni àṣẹ tó ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì sínú fáìlì. Ó tó fún dátábéèsì kékeré tí kò sẹ́ni tó máa sunkún bí iṣẹ́ ọjọ́ kan bá sọnù. Ohun tó dáa nínú pg_dump ni pé bí dátábéèsì ṣe rí ní ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ló máa gbé, ìbáà gba wákàtí méjì kó tó parí, kò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kà tàbí láti kọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kì í gbé orúkọ àwọn oníṣe àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọn dání. Àwọn yẹn, pg_dumpall ló ń gbé wọn:

```
pg_dump -Fc -f /ipamo/ajesekù.dump ajesekù
pg_dumpall --globals-only > /ipamo/awon_onise.sql
```

Àmọ́ ẹ wo ìṣirò yìí. Ká ní aago méjì òru lẹ̀dà ìpamọ́ yín ń wáyé, tí dísíìkì wá kú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ wákàtí 14 ti lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ ìdáwó ẹgbẹ́, ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń tọ́jú WAL (write-ahead log). Kí PostgreSQL tó fọwọ́ kan fáìlì tábìlì lórí dísíìkì, á kọ́kọ́ kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú WAL, bí akọ̀wé tó ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ojoojúmọ́ kó tó wá tò ó sínú ìwé ńlá. Fáìlì WAL kọ̀ọ̀kan jẹ́ 16 MB. Bí ẹ bá fi pg_basebackup mú odindi dátábéèsì lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì ń kó fáìlì WAL lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn bí wọ́n ṣe ń kún, ẹ lè dá dátábéèsì padà sí ìṣẹ́jú tó bá wù yín.

Ó ti yọ mí rí. Ọjọ́ Ẹtì kan, mo fẹ́ pa gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti san tán rẹ́, mo kọ `UPDATE eyawo SET o_ku = 0`, oníbàárà kan pè mí, mo gbórí sókè, mo tẹ Enter láìkọ WHERE, apá tó ń sọ ìlà tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀rọ dá mi lóhùn: `UPDATE 3812`. Gbogbo ajigbèsè ẹgbẹ́ ti bọ́ lóko gbèsè ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àmọ́ mo gbé dátábéèsì dìde lórí ẹ̀rọ mìíràn, mo fi recovery_target_time sí aago 2:41, ìṣẹ́jú kan ṣáájú àṣìṣe náà, mo sì kó tábìlì eyawo padà láti ibẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fọwọ́ ara mi kọ UPDATE láì kọ́kọ́ kọ BEGIN. Bí nọ́ńbà tó jáde bá yà mí lẹ́nu, ROLLBACK ni, kó dá a padà sí bó ṣe wà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀dà ìpamọ́ mi dáa?

Ẹ gbé e dìde. Kò sọ́nà mìíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ilé iṣẹ́ ńlá kì í ṣe irú àṣìṣe yìí, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitLab, ilé iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, lọ́jọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń jà pẹ̀lú ẹ̀rọ kejì tí kò bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba mọ́. Ilẹ̀ ti ṣú, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó pa fódà dátábéèsì rẹ́, àṣé orí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ló wà, èyí tí gbogbo ayé ń lò. Nǹkan bíi 300 GB ló wà níbẹ̀. Kó tó dá a dúró, 4.5 GB ló kù. Wọ́n yíjú sí pg_dump: òfo. Ẹ̀yà pg_dump tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ 9.2, dátábéèsì wọn sì jẹ́ 9.6, kò lè gbé e, ó sì ti ń kùnà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ímeèlì tó yẹ kó ta wọ́n lólobó pé ó ń kùnà kò wọlé, torí ẹ̀rọ tó ń gba ímeèlì ń dá a padà. Ohun tó yọ wọ́n ni àwòrán dísíìkì kan (snapshot, ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀) tí ẹnì kan yà ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú nítorí iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà ló sọnù. Mo gbóríyìn fún wọn pé wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ síta láìfi bò.

Tèmi kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ojú nìkan ló tì mí. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lásìkò tí a bá yàn, ń sọ pé ẹ̀dà ìpamọ́ ti parí. Fáìlì wà níbẹ̀ lóòótọ́, byte òdo ló tóbi, torí dísíìkì ìpamọ́ ti kún. Ní báyìí, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń gbé ẹ̀dà ìpamọ́ dìde sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan. Mo máa ka ìlà inú tábìlì márùn-ún, mo máa ro àpapọ̀ owó ìdáwó, mo sì máa fi wé ti dátábéèsì tó ń ṣiṣẹ́. Mo tún máa ń kọ iye àkókò tó gbà sílẹ̀, torí ìgbà tí wàhálà bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá máa béèrè ni pé “Ìgbà wo ló máa padà?”

Mo pa ìlà mílíọ̀nù kan rẹ́, kí ló dé tí dísíìkì ò fẹ̀?

PostgreSQL kì í tún ìlà kọ lójú kan náà. Bí ẹ bá yí ìlà kan padà, ó máa kọ tuntun síbòmíràn, á fi ti àtijọ́ sílẹ̀ nítorí ẹni tó lè ṣì máa wò ó lọ́wọ́. Bí ẹ bá pa ìlà rẹ́, àmì ló kàn máa fi sí i pé ó ti kú. Iṣẹ́ VACUUM ni láti palẹ̀ àwọn òkú ìlà yìí mọ́. Àmọ́ àyè tó bá ṣí sílẹ̀, tábìlì yẹn náà ló sábà máa tún un lò. Ẹ wò ó bíi búkà: wọ́n ti kó àwo oníbàárà tó jẹun tán, ẹlòmíràn lè jókòó, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ò kéré sí bó ṣe wà.

VACUUM FULL máa ń dá àyè padà fún dísíìkì lóòótọ́. Ẹ má sáré lò ó. Ó máa tún odindi tábìlì kọ, torí náà ó nílò àyè tí ẹ̀dà tuntun máa gbà, ó sì máa fi àgádágodo ti tábìlì náà pa títí yóò fi parí, kódà ẹni tó fẹ́ kà á lásán ò ní ríbi wọlé. Mo ti rí ẹni tó ṣe é ní aago mẹ́wàá àárọ̀ nítorí pé dísíìkì ń kún lọ. Dísíìkì wá kún pátápátá.

Wọ́n ní autovacuum ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ falẹ̀. Ṣé kí n pa á?

Rárá o. Òun ló ń ṣe VACUUM fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ pè é. Bí ó bá ń wúwo, ó máa ń jẹ́ pé kì í tètè dé ni, tó bá wá dé, iṣẹ́ ti pọ̀. Bí ẹ ò bá yí nǹkan kan padà, òkú ìlà gbọ́dọ̀ ju 50 lọ, kí ó sì tún fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìlà tábìlì kún un, kó tó dìde. Fún tábìlì onílà mílíọ̀nù 1, 200,050 nìyẹn. Fún tábìlì ńlá, ẹ dín in kù kó lè máa gbálẹ̀ díẹ̀díẹ̀:

```
ALTER TABLE isowo SET (autovacuum_vacuum_scale_factor = 0.02);
```

Ohun kejì ni pé transaction kọ̀ọ̀kan (iṣẹ́ kan tí dátábéèsì gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) ní nọ́ńbà, bit 32 ni nọ́ńbà náà, ó sì ń yí po bíi ti agogo. Bí VACUUM kò bá máa sàmì sí àwọn ìlà àtijọ́ (freeze) pé wọn kò nílò nọ́ńbà wọn mọ́, nọ́ńbà á máa tán lọ, PostgreSQL á sì kọ̀ láti gba ohun tuntun kankan kí dátà má bàa bàjẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí Mandrill, ẹ̀ka Mailchimp tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́, ní oṣù kejì ọdún 2019. Ẹ máa wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: `SELECT datname, age(datfrozenxid) FROM pg_database;` Ní mílíọ̀nù 200, autovacuum á dìde fúnra rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti pa á. Bí ẹ bá rí i tó ń sún mọ́ bílíọ̀nù 1, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe sílẹ̀.

Kúẹ̀rì (ìbéèrè tí a ń bi dátábéèsì) tó ń yára tẹ́lẹ̀ wá ń falẹ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má kọ́kọ́ fọwọ́ kan ètò ẹ̀rọ. Ẹ fi log_min_duration_statement sí `1s`, kí kúẹ̀rì tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ máa fara hàn nínú log. Bí ẹ bá ti mú afurasí, ẹ kọ `EXPLAIN (ANALYZE, BUFFERS)` síwájú rẹ̀, kó sọ bí òun ṣe ṣe é. Ẹ rántí pé ANALYZE yìí ń ṣe kúẹ̀rì náà ní tòótọ́. Bó bá jẹ́ UPDATE tàbí DELETE, ẹ fi BEGIN àti ROLLBACK yí i ká.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni iye ìlà tí PostgreSQL rò pé òun máa rí àti iye tó rí. Bó bá rò pé 10 ni, tó wá bá 400,000, ìṣirò rẹ̀ nípa tábìlì ti gbó. Ẹ ṣe ANALYZE (àṣẹ ọ̀tọ̀ nìyí, tó ń tún ìṣirò yẹn ṣe) sí tábìlì náà, lọ́pọ̀ ìgbà ó parí síbẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo máa ń bá pàdé ni òpó (column) tó ń tọ́ka sí tábìlì mìíràn. PostgreSQL máa ń ṣe índẹ́ẹ̀sì (atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí ìlà) fún kọ́kọ́rọ́ àgbà (primary key), kì í ṣe é fún òpó tó ń tọ́ka sí i. Bí ẹ bá fẹ́ pa ọmọ ẹgbẹ́ kan rẹ́, á wá gbogbo tábìlì ìdáwó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe índẹ́ẹ̀sì fún un, kí ẹ sì lo CREATE INDEX CONCURRENTLY kí àwọn tó ń kọ má bàa dúró. Bí ó bá kùnà láàárín, ó máa fi índẹ́ẹ̀sì tí kò wúlò sílẹ̀. Ẹ pa á rẹ́ kẹ́ ẹ tó tún un ṣe.

Gbogbo nǹkan dúró gbagidi, CPU ò sì ṣe nǹkan kan. Kí ló dé?

Ẹnì kan di àgádágodo mú. Ẹ wo ẹni náà:

```
SELECT pid, usename, state, now() - xact_start AS igba,
       pg_blocking_pids(pid) AS eni_to_di_i, left(query, 60)
FROM pg_stat_activity
WHERE xact_start IS NOT NULL
ORDER BY xact_start;
```

Ẹni àkọ́kọ́ lókè ni ẹ máa fura sí, pàápàá tí `idle in transaction` bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó kọ BEGIN, ó ṣe UPDATE kan, ó sì lọ jẹ àmàlà. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan wá fẹ́ ṣe ALTER TABLE. ALTER TABLE ń dúró dè é, gbogbo ẹni tó fẹ́ kà á lásán sì tò sẹ́yìn ALTER TABLE, bí ọkọ̀ ṣe ń tò sẹ́yìn ọkọ̀ kan tó dí ẹnu ọ̀nà ilé epo. Ẹ lo `pg_cancel_backend(pid)` fún ẹni tí kúẹ̀rì rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Fún ẹni tó lọ jẹun, `pg_terminate_backend(pid)`. Ẹ má lo `kill -9` láé: PostgreSQL á gbà pé nǹkan ti bàjẹ́ nínú ìrántí ẹ̀rọ, á já gbogbo ènìyàn sílẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Kó má bàa tún ṣẹlẹ̀, ẹ fi idle_in_transaction_session_timeout sí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì máa kọ `SET lock_timeout = '3s'` ṣáájú ALTER TABLE.

“Too many clients already” ńkọ́?

Ohun tó ń sọ ni pé àwọn tó so mọ́ ọn ti pọ̀ jù. Ìsopọ̀ 100 ni PostgreSQL ń gbà bí ẹ ò bá yí i padà. Ẹ má sáré sọ ọ́ di 1000, torí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ ìrántí. Ẹ fi PgBouncer sáàárín, ètò tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pín ìsopọ̀ díẹ̀ lò.

pg_wal (fódà WAL) ti kún dísíìkì. Ṣé mo lè pa àwọn fáìlì yẹn rẹ́?

Ẹ má ṣe é. Wọ́n jọ log lójú, ṣùgbọ́n dátà yín tí kò tíì délé ló wà níbẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n pọ̀ kì í sábà ju méjì lọ: archive_command (àṣẹ tó ń kó WAL lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn) ń kùnà, nítorí náà kò fẹ́ jù wọ́n nù, tàbí replication slot kan (àmì tó ń rántí ibi tí ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀dà kà dé) wà tí ẹ̀rọ tó ni ín ti kú, dátábéèsì sì ṣì ń tọ́jú WAL dè é. Ẹ wo pg_stat_archiver àti pg_replication_slots. Slot tí kò lólúwa, ẹ pa á rẹ́, WAL á sì fúnra rẹ̀ dín kù.

Ta ló yẹ kó ní àṣẹ kí ni?

Áàpù kò gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú orúkọ postgres, ọ̀gá tó ní gbogbo àṣẹ. Mo mọ̀ pé ó rọrùn. Ẹ ṣe orúkọ kan fún áàpù, ọ̀kan fún ẹni tó ń wo ìròyìn lásán. Láti ẹ̀yà 14, `GRANT pg_read_all_data` ti tó fún un. Ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn lè gbà wọlé wà nínú pg_hba.conf. Láti òkè ló ti ń kà á wá, ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá ẹni náà mu ló máa lò. Torí náà, bí ẹnì kan bá fi ìlà `trust` (tó ń jẹ́ kéèyàn wọlé láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà) sókè pátápátá nígbà tó ń dán nǹkan wò, gbogbo òfin tó wà nísàlẹ̀ ti di apá tí kò ká nǹkan kan. Ẹ yẹ òkè fáìlì yẹn wò lónìí.

A ń wá “Ọlá” a ò rí i, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà wà lójú wa. Ṣé dátábéèsì ti bàjẹ́ ni?

Èyí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù, torí àwa la ni ín. Ẹ dán èyí wò lórí ìlà méjèèjì: `SELECT oruko, char_length(oruko) FROM omo_egbe`. Ọ̀kan á sọ pé 3, èkejì á sọ pé 5. Ẹni tó tẹ ti àkọ́kọ́ lo Ọ tó jẹ́ ẹyọ kan àti á tó jẹ́ ẹyọ kan. Ẹni kejì tẹ O, ó fi àmì ìsàlẹ̀ kún un, ó tẹ l, ó tẹ a, ó fi àmì òkè kún un. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, àmọ́ ní ti PostgreSQL, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Láti ẹ̀yà 13, normalize() wà tó ń sọ wọ́n di ọ̀kan. NFC ni ìlànà tó ń pa lẹ́tà àti àmì pọ̀, NFD ni èyí tó ń tú wọn ká. Ó kù síbì kan: àwọn kan ń fi ìlà kékeré, U+0329, sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì kékeré róbótó, U+0323. Normalize kò ní pa ìyẹn pọ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é:

```
UPDATE omo_egbe
SET oruko = normalize(replace(oruko, U&'\0329', U&'\0323'), NFC)
WHERE oruko <> normalize(replace(oruko, U&'\0329', U&'\0323'), NFC);
```

Lẹ́yìn náà, ẹ fi `CHECK (oruko IS NFC NORMALIZED)` sí òpó náà. Ẹni tó ń wá orúkọ láìfi àmì kankan sí i ńkọ́, bí ọ̀pọ̀ akápò ṣe ń ṣe? Ẹ ṣe òpó mìíràn tí ẹ ti bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀, `regexp_replace(normalize(oruko, NFD), '[\u0300-\u036F]', '', 'g')`, kẹ́ ẹ sì fi índẹ́ẹ̀sì sí i. Ẹ má sì fi varchar(20) há orúkọ Yorùbá mọ́ ibi tóóró: kódà nínú NFC, ẹ́ ṣì jẹ́ méjì, torí Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún un.

Ní ti títò, `ORDER BY oruko COLLATE "yo-x-icu"` mọ̀ pé Gb ń bọ̀ lẹ́yìn G, Ẹ lẹ́yìn E, Ṣ lẹ́yìn S.

Mo sọ Linux di tuntun, índẹ́ẹ̀sì wá ń purọ́. Kí ló fà á?

Bí PostgreSQL kò bá lo ICU (àkójọ ìlànà èdè), ọwọ́ glibc, àkójọ ètò inú Linux, ló ti sábà ń gba ìlànà títò ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2018, glibc 2.28 yí ìlànà náà padà gan-an. Índẹ́ẹ̀sì tí wọ́n tò pẹ̀lú ti àtijọ́ kò bá ti tuntun mu mọ́: kúẹ̀rì á sọ pé ẹnì kan ò sí, a sì lè forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níbi tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó bọ́ láti Ubuntu 18.04 sí 20.04 kọjá níbẹ̀. Ẹ tún gbogbo índẹ́ẹ̀sì ọ̀rọ̀ ṣe pẹ̀lú REINDEX.

Ẹ̀yà tuntun ńkọ́?

Ẹ̀yà ńlá kan máa ń jáde lọ́dọọdún, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti 13 tó jáde ní 2020, oṣù kọkànlá 2025 ló parí. Àtúnṣe kéékèèké ń jáde ní oṣù kejì, ìkarùn-ún, ìkẹjọ àti ìkọkànlá. Èyí kò ju kí ẹ fi í síbẹ̀ kẹ́ ẹ sì tún PostgreSQL bẹ̀rẹ̀ lọ, ẹ má fi falẹ̀. Fún ẹ̀yà ńlá, pg_upgrade ni. Títí dé ẹ̀yà 17, kì í gbé ìṣirò tábìlì dání, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe `vacuumdb --all --analyze-in-stages` lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo kúẹ̀rì á falẹ̀ lọ́jọ́ Monde, wọ́n á sì ní ẹ̀yà tuntun ò dáa.

Bí wọ́n bá mú iná lójijì ńkọ́?

Bí fsync (ètò tó ń rí i dájú pé dátà ti dé orí dísíìkì) bá wà ní títàn, bó ṣe máa ń wà, ohun tí PostgreSQL ti sọ pé òun ti gbà kò ní sọnù. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa fsync kí ẹ̀rọ lè yára, ẹ bi í bóyá òun ló máa san owó ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ ra UPS tó lè gbé ẹ̀rọ títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dìde. Àmọ́ bí ẹ̀rọ bá kú náà, ẹ má fọwọ́ kan fáìlì kankan, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ tan án, kẹ́ ẹ sì máa wo log. Ẹ máa rí `database system was not properly shut down; automatic recovery in progress`: ó ń ka WAL padà nìyẹn. Ó lè gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí `database system is ready to accept connections` bá ti jáde, ẹ ní kí akápò máa pe ẹni tó kàn.